Ìdákẹ́jẹ́ Pẹ̀lú Ní Ìdí Tirẹ̀

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni Aristotle ní ilẹ̀ Gíríìkì, àti Thomas Aquinas ní ọ̀rúndún 13, gbé ẹ̀kọ́ wọn kà, pé ohunkóhun tó bá kúrò lójú kan, ohun mìíràn ló sún un, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ Ẹni tí ohunkóhun kò sún. Àwọn tó ń lo ẹ̀kọ́ yìí sábà máa ń gbà láìjiyàn pé ìṣe nìkan ló ń béèrè àlàyé, pé ìdákẹ́jẹ́ kò béèrè rẹ̀.

Ìmọ̀ òògùn náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Rìsẹ́pítọ̀, ìyẹn púrótíìnì ara sẹ́ẹ̀lì tí ń gba iṣẹ́ tí hòmóònù tàbí òògùn bá jẹ́ fún un, ni wọ́n rí bí àgádágodo tí kì í ṣí àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wọ̀ ọ́. Ní 1989, Tommaso Costa àti Albert Herz fi hàn pé ọ̀kan lára àwọn rìsẹ́pítọ̀ tó wà fún èròjà bíi mọ́fíìnì ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a rán an, àti pé òògùn kan lè pa iṣẹ́ àìrán náà lẹ́nu mọ́. Irú òògùn bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní inverse agonist. Chlorpheniramine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Piriton, wà lára wọn.

Inú ojú ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ. Nínú òkùnkùn, retinal, èròjà tí ara ń fi fítámì A ṣe, so mọ́ púrótíìnì tí ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì dì í mú kí ó má baà ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí retinal, púrótíìnì náà yóò máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yí ìrísí retinal padà, tí púrótíìnì fi ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀bọ fi ń ríran lálẹ́, tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 púrótíìnì yìí, ọ̀kan máa ń ta jí fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 sí 3, tí sẹ́ẹ̀lì yóò sì ròyìn ìmọ́lẹ̀ tí kò sí.

Èyí kò sọ Aquinas di òpùrọ́, nítorí ooru ara ló ń mi púrótíìnì náà láìsinmi. Ìdí wà, bí kò tilẹ̀ sí ìránṣẹ́. Èrò pé ìdákẹ́jẹ́ kò ná ẹ̀dá ní ohunkóhun ló wó, nítorí inú òkùnkùn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì yẹn ti ń lo agbára jù. Ẹni tó bá ń wá Ọlọ́run láti ara ìṣe ẹ̀dá, tó sì ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sún un nìkan, ti fi ìdajì ìbéèrè sílẹ̀, nítorí ó yẹ kí ó béèrè pẹ̀lú ohun tó ń di èyí tí kò tíì ṣe nǹkan kan mú. Aquinas fúnra rẹ̀ kọ̀wé nípa bí Ọlọ́run ṣe ń gbé ẹ̀dá ró nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn kì í sábà kà dé ibẹ̀.