Ilé Tí Kò Ṣí Mọ́

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni a ó wá wò fún ọmọ Fúlàní darandaran, tí ilé rẹ̀ ń bá màlúù rìn? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko tútù etí odò Ọya àti Bẹ́núè ní í fa irú wọn wá sí agbègbè Lọ́kọ́jà. Bí òjò bá dé, wọn a gba Òkè Ọya lọ.

Àǹfààní wà nínú ìfìdíkalẹ̀. Ní 1989 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran sílẹ̀. Bí ilé bá sì dúró, olùkọ́ kò ní í wá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tì.

Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí ń ṣí kiri, obìnrin ní í kọ́ àgọ́, òun ni ó sì ni ín. Bí a bá ra ilẹ̀, tí a mọ ògiri, ọkùnrin ni ó sábà máa ń di onílé. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìtura sọ onílé di àlejò? Kò tọ́. Pulaaku, èyí tí í ṣe sùúrù, ìtìjú àti làákàyè, lè bá ènìyàn wọ ilé alámọ̀; ẹ̀tọ́ obìnrin kò lè dá wọ ibẹ̀, àfi bí a bá mú un wọlé.

Ẹni tí yóò kọ́lé fún darandaran, kí ó kọ́kọ́ bi ìyàwó léèrè.