Ìkọ̀wé Orí Ilẹ̀

Bíbélì kíkà: Jòhánù 8:1–11

Nínú gbogbo ohun tí àwọn Ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ fún wa nípa Jésù Olúwa wa, Olùkọ́ tí ó ju gbogbo olùkọ́ lọ, ibì kan ṣoṣo ni a ti kà á pé ó kọ̀wé, kì í sì í ṣe orí awọ ni ó kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orí wàláà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi ṣe kálàmù. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, nínú tẹ́ḿpìlì. Ó ti jókòó, ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí àwọn akọ̀wé àti àwọn Farisí já lù ú pẹ̀lú obìnrin kan tí wọ́n wọ́ dání, tí wọ́n sì ń fi ìbéèrè dẹ pàkúté fún un. Ẹni tí a bá já lu iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, tí ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀, a máa kánjú sọ̀rọ̀ kí ìtìjú má baà bò ó. Olúwa wa kò kánjú. Ó tẹrí ba, ìka rẹ̀ sì ń rìn lórí erùpẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń rántí ìtẹríba yìí. Iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò níbi tí a rán wọn lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni (T.P.), kí n jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé máàkì lórí itan. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú wọn fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ S.S. 2 bí ọkàn ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti yá púròjẹ́kítọ̀; ó ti gba fídíò kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, nínú èyí tí ọkàn ń sún kì, tí ó ń fẹ̀, tí a fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀; owó epo tí wọ́n rọ sínú jẹnẹrétọ̀ pàápàá, àpò ara rẹ̀ ni ó ti yọ ọ́. Àṣé ẹnu okùn kò bá ihò mu, nítorí VGA àtijọ́ ni ti púròjẹ́kítọ̀, HDMI nìkan ni ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n wá ohun tí a fi ń so méjèèjì pọ̀ rí lọ́wọ́ tíṣà kan, àwòrán yọ, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, gbogbo rẹ̀ sì pa lójú kan náà. Pátákó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú fún ìṣirò tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀, tí ó sì kọ “Ẹ má pa á rẹ́” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ bí ogójì ń wò ó. Èmi náà ń wò ó, bírò mi sì wà lórí ìlà tí a kọ “ohun èlò ìkọ́ni” sí.

Mo ti rí ohun tí àwọn mìíràn ṣe ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Mo rí ẹni tí ó fi gbogbo ìṣẹ́jú ogójì tú okùn, tí ó ń tún un so, títí agogo fi lù. Mo sì rí ẹni tí ọmọ kan rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, tí ó ní kí ìlà tí ọmọ náà wà látòkèdélẹ̀ kúnlẹ̀: ẹ̀rọ ṣẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ jìyà. Èyí ni ó máa ń dùn mí jù.

Ọmọbìnrin tí mo ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ okùn, ó rọra ká a, ó fi í sínú àpò, kò sì sọ nǹkan kan títí ó fi nàró. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó fi igi ya yàrá mẹ́rin sórí ilẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀; ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ jọ kí ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì lè nípọn ju ti ọ̀tún lọ. Géètì di ẹ̀dọ̀fóró, òpó àsíà tí ó jìnnà réré di ara, àwọn ọmọ sì di ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń ti òpó àsíà bọ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n wọ yàrá òkè ní ọ̀tún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ti ìsàlẹ̀, wọ́n gba géètì lọ, níbi tí a ti fún olúkúlùkù ní ewé tútù kan, èyí tí í ṣe ọ́síjìn. Wọ́n padà wọ apá òsì, wọ́n sì gbé ewé náà lọ fún ara. Ọmọ kan bèèrè ìdí tí ògiri kan fi nípọn ju èkejì. Olùkọ́ kò dá a lóhùn. Ó ní kí ó rìn dé géètì, kí ó sì tún rìn dé òpó àsíà. Kí ó tó padà dé ni ó ti ń ké láti òkèèrè pé, “Ma, òun ló ń rán ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn!”

Nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí ó ti rí ọgbọ́n náà, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, iná kì í sí ní yàrá wa. Mo ti fi ọwọ́ yà á lálẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ó lé ní ìgbà mẹ́wàá.” Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n òòbẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ohun tí òun ìbá fi àdán ṣe. Àìsí iná tí ó ń pa á lẹ́kún lóru ni ó ti gbé ẹ̀kọ́ náà wọ inú rẹ̀ lọ, níbi tí jẹnẹrétọ̀ kò lè dé.

Kí ẹnikẹ́ni tí ó wà ní ipò àṣẹ má ṣe fi ìtàn yìí rọrí sùn o. Inú mi dùn ní 2013 nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, tí ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ń bẹ nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Erùpẹ̀ kò sì lè fi bí ilẹ̀kùn ọkàn ṣe ń ṣí tí ó ń tì hàn bí fídíò ti lè fi í hàn. Ẹ̀rọ tọ́ sí àwọn ọmọ wa, iná tọ́ sí wọn.

Ohun tí Olúwa wa kọ ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wa. Ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ rẹ́. Síbẹ̀ àwọn olùfisùn obìnrin náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà ni ó sì ṣáájú. Òjò ti pa ọkàn abẹ́ igi máńgòrò náà rẹ́ kí n tó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ní kí ọmọ kan fi ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn mí. Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín láì ṣìnà.

Ìwọ ọmọ mi tí ò ń lọ sí T.P. lónìí, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: dán okùn rẹ wò lónìí kí ọ̀la tó dé, kí o sì fi ọwọ́ ya ẹ̀kọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan kí o tó sùn.

Àdúrà: Arínúróde, Olùmọ̀ràn-ọkàn, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, dúró ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò dúró níwájú àwọn ọmọ wa lónìí. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ fún wọn, fún wọn ní sùúrù, má sì jẹ́ kí wọ́n bínú sí ọmọ kankan. Àmín.