Iná Oòrùn àti Àmáànà Ilẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń tan oòrùn sí wa láìgba owó. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Láti ìgbà tí a ti gbé iná oòrùn sórí òrùlé mọ́ṣáláṣí yìí ni a ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Ó yẹ kí a dúpẹ́. Nínú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ IPCC gbé jáde ní 2014, láti ibi tí a ti wa ohun èlò títí dé ọjọ́ tí a óò kó o dànù, yúníìtì iná kan tí a fi èédú inú ilẹ̀ ṣe ń tú nǹkan bí 820 gíráàmù èéfín tí ń mú ayé gbóná jáde. Ti oòrùn orí òrùlé, nǹkan bí 41. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan náà ni méjèèjì kò sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n èéfín nìkan kọ́ ni ìbàjẹ́. Òjé ni ó ju ìdajì ìwúwo bátìrì olómi lọ. Páànẹ́ẹ̀lì lè lo 25 ọdún, bátìrì kì í sábà lo ju ọdún díẹ̀ lọ. Páànẹ́ẹ̀lì kan a máa sin bátìrì mẹ́rin, márùn-ún. Níbo ni a ń sin wọ́n sí?

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìlú àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń kó erùpẹ̀ ibẹ̀ wọlé, wọ́n ń kù ú láti rí òjé tà. Láàrin oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Òjé kan náà ni ó wà nínú bátìrì tiwa. Bí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ọpọlọ ni í bà jẹ́, làákàyè tí ó bá sì gbé lọ kì í padà. Ànábì wa kọ̀ fún wa kí a pa ara wa tàbí ẹlòmíràn lára.

Bátìrì mẹ́jọ tí ó ti kú wà nínú yàrá ìkẹ́rù wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan wá rà wọ́n. Owó rẹ̀ pé, gbogbo wa sì mọ̀ pé a ń wá owó kànga. A bi í léèrè ibi tí yóò ti yọ́ òjé náà. Ó ní ẹ̀yìnkùlé òun ni. A kò tà á fún un (mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò dùn sí mi).

Ẹ má ṣe da omi bátìrì sí gọ́tà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fọ́ ọ. Ẹ bi ẹni tí ó ta tuntun fún yín bóyá yóò gba ògbólógbòó padà. Ẹni tí ó bá sì mọ ilé iṣẹ́ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, tí ó ní ẹ̀rọ tí ń gba èéfín òjé mú, kí ó jọ̀wọ́ wá rí mi lẹ́yìn ìrun.