Ta Ni Ó Wo Inú Odó?

Láti ọdún 1995 ni ètò Apache, tí ń pín ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì fún aráyé, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ lè gba àkọsílẹ̀ náà, kí ó kà á, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ: yóò pàṣẹ configure kí a yẹ ẹ̀rọ wò, yóò pàṣẹ make kí atúmọ̀ sọ àkọsílẹ̀ di èdè ẹ̀rọ, yóò sì fi make install gbé e sí ààyè rẹ̀. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa balẹ̀ pé òun mọ ohun tí òun ń lò. Ǹjẹ́ ó mọ̀ ọ́n ní tòótọ́?

Nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní ọdún 1984, Ken Thompson fi hàn pé a lè fi ọ̀nà ẹ̀bùrú pamọ́ sínú atúmọ̀ fúnra rẹ̀, kí gbogbo àkọsílẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Iṣu dára, ọwọ́ agúnyán mọ́. Inú odó ni májèlé wà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ SSH ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz, ètò tí a fi ń fún fáìlì pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti ń tọ́jú ètò yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Àjèjì kan wá ràn án lọ́wọ́ títí a fi fọkàn tán an. Òun ni ó fi ọ̀nà ẹ̀bùrú sí i.

Àwọn kan lè sọ pé àkọsílẹ̀ gbangba kò wúlò nígbà náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá wà ní ìkọ̀kọ̀ ni, ibo ni Freund ì bá ti rí ipa tí yóò tọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti wò kì í ṣe wíwò. Ohun tí gbogbo ènìyàn lè yẹ̀ wò a máa di ohun tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti wò ó.

Kò sí ẹni tí ó lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Dandan ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ ẹnìkejì. Nítorí náà, ní tèmi, kì í ṣe àkọsílẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: kí ojú wa má sì fo ẹni tí ń dá ẹrù gbogbo wa rù dá.