Ẹ Má Tíì Hú Ohun Tí Yóò Hù

Khutuba Kìíní

Gbogbo ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ń rọ òjò sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ilẹ̀ náà fi ń mí padà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Òun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń kìlọ̀ fún ara mi àti fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìgbà ọ̀pọ̀ àti ní ìgbà ọ̀wọ́n.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìjerò lọ sí Arámọkọ, tàbí tí ó gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, yóò rí ohun tí ojú olóko ń rí. Ọyẹ́ ti fẹ́ wá láti apá aginjù Sàhárà, ó ti fa omi tán lára ewé. Kòkó ti wọ́wé, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ya bí àkísà, ibi tí iná ìgbẹ́ sì gbà kọjá dúdú bí ìdí ìkòkò. Olóko dúró létí oko rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lọ́kàn rẹ̀: ṣé ó ti kú ni, àbí ó ń sùn? Ìdáhùn tí ó bá fún ara rẹ̀ ni yóò sọ bóyá àdá ni yóò mú tàbí sùúrù. Lórí ìbéèrè yìí ni khutuba wa dá lé lónìí.

Ọlọ́hun Ọba pe àkíyèsí wa sí irú ilẹ̀ báyìí nínú Sùúrà Fussilat, aaya 39. Ó jẹ́ kí ó yé wa pé ilẹ̀ gbígbẹ tí a rí tí ó dákẹ́ tí ó tẹríba, tí ó sì mira tí ó wú nígbà tí omi bá kàn án, àmì kan ni nínú àwọn àmì Rẹ̀. Ẹni tí ó sì jí ilẹ̀ náà ni yóò jí òkú. Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó dúró ti oko tí iná jó, ẹ̀rí Ọjọ́ Àjíǹde ni ó dúró tì. Kí ó má ṣe yára sọ pé ó ti parí, nítorí ìmọ̀ ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, ìgbàgbọ́ kò sì ní kí a máa pe òkú ní alààyè. Àwọn àgbà olóko mọ bí a ti ń wádìí. Wọn a fi ẹnu ọ̀bẹ họ èèpo igi kòkó. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá gbẹ, wọn a sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọn a tún họ ọ́. Igi tí orí rẹ̀ ti kú pátápátá lè yè nídìí. Wọn a gé e lókè ibi tí ó tutù, wọn a sì dúró de òjò. Bí èéhù bá yọ nídìí kùkùté, èyí tí ó lágbára tí ó sì súnmọ́ ilẹ̀ ni wọn yóò dá sí, wọn a yọ ìyókù kúrò. Ó lè gba ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àtijọ́ ni ó gbé e ró, gbòǹgbò náà sì ti mọ ibi tí omi wà. Ẹni tí ó hú u láti gbin tuntun yóò dúró ní ọdún 3 sí 5, ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ sì lè pa ọmọ kòkó náà bí kò bá sí ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kókò lórí rẹ̀. Èyí tí òjò ti rọ̀ sí dáadáa tí kò sí ohun tutù kankan nídìí rẹ̀, kí a mú un kúrò, kí a gbin òmíràn. Ìyẹn kì í ṣe àìnírètí. Ó jẹ́ gbígba ìdájọ́ Ọlọ́hun.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, fi onígbàgbọ́ wé irúgbìn tútù, nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Afẹ́fẹ́ a tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, a tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, a sì tún nàró. Ó fi alágàbàgebè wé igi líle tí kì í tẹ̀, títí yóò fi hú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wò ó: kò sọ pé afẹ́fẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́. Ìdìde lẹ́yìn ìtẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè kan rí. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jó oko kòkó púpọ̀ ní Gáná. Ilẹ̀ tí ó ti ń kó ju 500,000 tọ́ọ̀nù lọ ní ọdún 1965, kò rí ju nǹkan bí 159,000 lọ kó ní sáà 1983 sí 1984. Àwọn kan pa oko tì. Àwọn mìíràn tọ́jú èyí tí ó yè, wọ́n tún èyí tí ó kú gbìn. Ní sáà 2010 sí 2011, kòkó Gáná kọjá 1,000,000 tọ́ọ̀nù. Ọdún 27 wà láàárín méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbìn kò sí láyé mọ́ láti kó o.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.

Khutuba Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, àkókò ìdúró ni a fi ń mọ ìwà ènìyàn, nítorí ebi a máa pa olóko kí èéhù tó di èso. Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra níbi mẹ́ta.

Èkíní ni owó kòkó tí kò tíì so. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fún olóko lówó nígbà ìṣòro, tí wọ́n á sì ra èso tí ó ṣì wà ní òdòdó ní ẹ̀dínwó. Ànábì kọ̀ fún wa láti ta èso kí ó tó hàn pé ó fẹ́ pọ́n. Ó bi wá pé bí Ọlọ́hun bá dá èso náà dúró, kí ni ẹni náà yóò fi gba owó ọmọ ìyá rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ lówó, ẹ yá olóko lówó láìgba èlé. Bí kò bá sì rí i san, Sùúrà Bákárà, aaya 280, ní kí a fún un láyè títí ara yóò fi rọ̀ ọ́. Bí a bá sì yọ̀ǹda rẹ̀, ó lóore jù.

Èkejì ni àwọn tí ń bá olóko tọ́jú oko láti pín èso. Ẹni tí ó ti bá ọ ro oko ní ọdún tí ó so, má ṣe lé e lọ ní ọdún tí iná jó o.

Ẹ̀kẹta ni iná fúnra rẹ̀. Ìwọ tí o finá sí ìgbẹ́ láti lé ọ̀yà jáde, tí iná sì ré kọjá sí oko ẹlòmíràn, má fara pamọ́. Lọ bá a, kí o tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe. Ìwọ tí oko rẹ jó, má ṣe dárúkọ aládùúgbò rẹ láìsí ẹlẹ́rìí. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, ẹ jọ ro ààlà oko yín kí ó mọ́, kí iná má rí ohun gbà kọjá.

Ẹ rántí pé Ànábì ní bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé bá ẹnì kan tí ọmọ igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Bí a kò bá gbọdọ̀ jáwọ́ lọ́jọ́ yẹn, báwo ni ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan ṣe máa mú wa jáwọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó ṣìnà àti ọkàn tí ó ti gbẹ nínú ìrun kíkí: ẹ họ ọ́ wò ní ìdí, kí ẹ tó gbé àdá.

Ọlọ́hun, rọ òjò àánú Rẹ sí oko wa àti sí ọkàn wa. Dá ohun tí ó sọnù padà fún wa, tàbí kí O fi èyí tí ó dára jù rọ́pò rẹ̀. Fún ẹni tí ó jẹ gbèsè ní ọ̀nà àtisan án, kí O sì rọ ọkàn ẹni tí a jẹ. Forí jin àwọn òbí wa tí wọ́n gbin ohun tí àwa ń jẹ. Àmín.

Ẹ dìde, kí a gbé ìrun dúró.