Ojú L'Ọ̀rọ̀ Wà



Ìwé kejì tí Jòhánù Mímọ́ kọ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ju orí kan ṣoṣo lọ. Ní ìparí rẹ̀, Àpọ́sítélì náà jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tán. Òun ń retí àtiwá, kí àwọn lè jọ sọ ọ́ lójúkojú. Àwọn baba wa kò tí ì ka ìwé yìí nígbà tí wọ́n ti ń wí pé ojú l'ọ̀rọ̀ wà.

Lónìí, fóònù ni ìwé tiwa. Ẹbí, ẹgbẹ́ ilé-ìwé, àwọn ọmọ Igangan nílé àti lẹ́yìn odi, títí kan àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ wa, gbogbo wọn ni ó ní agbo lórí WhatsApp. Èmi kò wá láti bú u.

Ẹ rántí òru Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn wọ Igangan, tí wọ́n pa ju ènìyàn mẹ́wàá lọ, tí wọ́n sì dáná sun ààfin Aṣígangan. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé àwọn ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Síbẹ̀, igbe wa kò ṣàì jáde. Fóònù gbé e dé Ìbàdàn, dé Èkó, dé òkè òkun. Ẹni tí kò rin ọ̀nà Ìbàràpá rí gbọ́ orúkọ ìlú wa, ó sì bá wa kẹ́dùn. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ta ni ó lè gbé òkú? Ta ni ó lè bá opó jókòó lórí ẹní? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ibẹ̀ nìkan ni. Ọjọ́ Àìkú tí ó mọ́ bá wa yẹn sì ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe Àjọ̀dún Ara àti Ẹ̀jẹ̀ Kristi. Láti ìgbà láéláé ni Ọlọ́run ti ń fi ọ̀rọ̀ rán àwọn wòlíì sí wa. Nígbà tí àkókò tó, kò ránṣẹ́ mọ́, Òun tìkálára Rẹ̀ ni ó wá, ó gbé ara ènìyàn wọ̀. Ìdí nìyí tí Ìgbìmọ̀ Póòpù fún Ìbánisọ̀rọ̀ fi kọ́ wa ní ọdún 2002 pé kò sí Sákráméńtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù lè fi Mísà han aláìsàn. Kò lè fi Ara Kristi sí i lẹ́nu.

Póòpù Francis náà, nínú ìwé rẹ̀ fún Ọjọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Àgbáyé ti ọdún 2019, kò dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi. Ó kọ́ni pé bí ìdílé bá fi í súnmọ́ ara wọn, tí wọ́n sì tún pàdé nídìí oúnjẹ, tí wọ́n wo ojú ara wọn, ohun rere ni. Ẹ̀yin ará, ohun tí a fi ń wá ara wa kò gbọdọ̀ di ohun tí a fi ń sá fún ara wa.

Èmi tí mò ń wàásù yìí pàápàá jẹ̀bi. Ìyá àgbà kan ṣàìsàn. Lójoojúmọ́ ni mo ń fi àdúrà ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ rẹ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Fadá, wọ́n ń ka àdúrà yín fún mi. Ojú yín ni n kò rí." N kò rí èsì fọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín fún ohun kan ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí ẹ ti kọ "ẹ pẹ̀lẹ́" sí lórí fóònù, bí ilé rẹ̀ kò bá jìnnà, ẹ dìde, ẹ lọ kí i. Bí ó bá wà lókè òkun, ẹ pè é, kí ó gbọ́ ohùn yín. Bí Mísà bá sì parí lónìí, ẹ má ṣe yára yọ fóònù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ẹni tí ó jókòó tì yín.

Kí Jésù Olúwa, Ẹni tí kò kọ̀ láti wá sí àárín wa, kọ́ wa láti máa lọ sí ọ̀dọ̀ ara wa. Àmín.