Kí Ni A Ń Fi Ẹ̀kọ́ Tuntun Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ rò nìyí: bí ènìyàn bá kọ́ ọgbọ́n tuntun, tí ọgbọ́n náà sì sọ ọ́ di alágbára, ṣé ó ti di ẹni rere nìyẹn? Ìtàn olú-ọba kan ní ilẹ̀ Jàpáànù ni mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Mutsuhito ni orúkọ rẹ̀. Meiji ni a ń pè é lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìlú Kyoto ni a ti bí i ní 1852, ó sì gorí oyè ní 1867, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn olórí ogun ni ó ń ṣe ìjọba. Olú-ọba kàn jókòó sí ààfin ni. Ilẹ̀kùn ilẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní títì sí àlejò fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ. Ní 1853 ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé. Nígbà tí yóò fi di 1858, àwọn ilẹ̀ òkèèrè ti mú kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìrẹ́jẹ: wọn kò lè dá iye owó-bodè wọn pinnu mọ́, bí àlejò bá sì ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ wọn kò lè dá a lẹ́jọ́. Ìtìjú náà dùn wọ́n wọra.

Ní 1868, olú-ọba búra pé àwọn yóò wá ìmọ̀ kiri gbogbo ayé. Àwọn àgbà wa ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní 1871, wọ́n rán àwọn ìjòyè lọ sí òkèèrè, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún sì bá wọn lọ. Tsuda Umeko, tí ó kéré jù nínú wọn, jẹ́ ọmọ ọdún 6. Amẹ́ríkà ni ó ti ṣe ìrìbọmi. Ní 1900, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Tokyo. Ní 1872 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́, láti Tokyo dé Yokohama. Ní 1873, olú-ọba gé irun orí rẹ̀ bí ti àwọn òyìnbó, olorì rẹ̀ sì dẹ́kun kíkun eyín ní dúdú. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ká pátákó tí ó ka ẹ̀sìn Krístì léèwọ̀ kúrò.

Títí dé ibí, ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ní 1876, Jàpáànù fi agbára ọkọ̀ ogun mú kí Kòríà fọwọ́ sí irú àdéhùn ìrẹ́jẹ kan náà. Ní 1910, wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ Kòríà. Olú-ọba kú ní 1912.

Òtítọ́ ni pé àwọn ìjòyè ni ó ń pinnu ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ní orúkọ rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé bí wọn kò bá gba Kòríà, ẹlòmíràn ìbá gbà á. Ṣé ìyẹn sọ ibi di ire? Ẹni tí yóò mú igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Jàpáànù mọ bí igi náà ṣe ń dunni, síbẹ̀ ó fi gún aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọba nìyẹn. Ìyàwó tí ìyá ọkọ fi ojú rẹ̀ rí màbo, òun náà di ìyá ọkọ: báwo ni ó ṣe ń ṣe sí aya ọmọ rẹ̀? Ẹni tí ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, kí ni ọmọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ń jẹ? Ìyà kì í dá kọ́ ènìyàn ní àánú, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kò dá a kọ́ni. A ní láti yàn án. Ìdí nìyẹn tí Jésù fi sọ ohun tí ó wà nínú Mátíù 7:12 di àṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a rán àwọn ọmọbìnrin wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí àwa náà má ṣe dẹ́kun ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí a máa bi ara wa léèrè: agbára tí mo ní lónìí tí n kò ní lánàá, ta ni mo ń lò ó fún, ta ni mo sì ń lò ó lé lórí? Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n tí ó ní àánú nínú. Àmín.